Bọ́tìnnì Mẹ́jọ Lé Lọ́gọ́rùn-ún: Ìgbésí Ayé Màmá Christianah Àríkẹ́ Akínsọ̀wọ́n (1936–1997)

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣọ̀fọ̀, àwa ẹbí kí yín kú àbọ̀. Ìwé tí ìjọ kọ́kọ́ tẹ̀ nípa Màmá kọ́ lẹ mú lọ́wọ́ yìí. A ti kó ìyẹn kúrò nílẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé láti ọdún 1987 títí di 1997 “àárẹ̀ ọkàn mú olóògbé.” Ọdún mẹ́wàá gbáko! Àárẹ̀ ọkàn kankan kò mú Màmá. Orí wọn pé ju ti ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó, kí ẹ ka bó ṣe rí gan-an.

Ìdí-Òró ní Mushin ni wọ́n ti bí Màmá ní oṣù kẹta ọdún 1936, Ràfátù Àríkẹ́ sì ni orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Bàbá wọn ni olóògbé Yẹ̀kínnì Ọláwóyè, káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ìyá wọn ni olóògbé Àmúdàtù, tó ń ta òwú àti abẹ́rẹ́. Ilé Mùsùlùmí ni. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ìyá Àmúdàtù a jókòó sórí ẹní, wọn a máa fi tẹ̀sùbáà ka orúkọ Ọlọ́run, Ràfátù kékeré a sì jókòó tì wọ́n, a máa bá wọn pe èyí tó bá ti mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Mushin ni Màmá lọ, wọ́n sì ka ìwé dé Sítáńdáàdì kẹrin. Ní 1950 wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán ní Yaba. Wọ́n gba òmìnira ní 1954, wọ́n sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tiwọn ní Ìpọ̀nrí, níbi tí wọ́n ti rán aṣọ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ẹni tó bá ti gbé aṣọ wá rí mọ̀ pé Màmá kì í wọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1958 wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Benjamin Akínsọ̀wọ́n, òṣìṣẹ́ ojú irin, wọ́n sì kó lọ sí Ìwáyà. Ìjọ ọkọ wọn ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi, ibẹ̀ ni wọ́n ti di Christianah. Ìyá Àmúdàtù kò bá wọn jà. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ kò ju “Ṣá máa pe Ọlọ́run, Àríkẹ́” lọ.

Màmá sì sin ìjọ náà tọkàntọkàn. Ní ọdún 1979, nígbà tí ẹgbẹ́ akọrin fẹ́ ẹ̀wù tuntun, Màmá rán ogójì ẹ̀wù lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì to bọ́tìnnì funfun mẹ́wàá sí iwájú ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Bọ́tìnnì tó ṣẹ́kù kún agolo mílíìkì kan, Màmá gbé e pamọ́ sórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìjọ rántí ọdún 1979 yìí dáadáa o. Odindi ìpínrọ̀ kan ni wọ́n fi yìn wọ́n. Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e ni wọn kò fẹ́ rántí.

Bàbá wa kú ní 1985. Màmá kò lè jẹun, wọn kò lè sùn, abẹ́rẹ́ a sì máa bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń sọ lónìí pé àwọn fẹ́ràn wọn kò yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́dún méjì yẹn àfi tí wọ́n bá fẹ́ rán nǹkan.

Ní 1987, Ìyáàfin Kamala, ìyàwó tíṣà ará Íńdíà kan tó ń gbé ní Sùúrùlérè, gbé aṣọ wá sí ṣọ́ọ̀bù: búláòsì péńpé tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ gígùn tí wọ́n ń wé mọ́ra. Bí ó ti ń dúró de aṣọ, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpò aṣọ kékeré kan tó fi kọ́rùn, ètè rẹ̀ sì ń mì. Màmá rí ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́nu àpò náà. Inú wọn dùn, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Àsàláàmù àlékùmù, Àlàájà.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó fi Yorùbá tó kọ́ lọ́jà Ìpọ̀nrí dá wọn lóhùn: “Èmi kì í ṣe Àlàájà o, Mama. Ṣùgbọ́n orúkọ Ọlọ́run ni mò ń pè lóòótọ́.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó gbé oògùn fún Màmá jẹ. Ìyáàfin Kamala fi hàn wọ́n pé ìlẹ̀kẹ̀ náà jẹ́ mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún, àti pé lórí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan èèyàn a pe àwọn orúkọ tí wọ́n ń pe Ọlọ́run nílẹ̀ wọn, Hárè, Kírísínà, Ráámà, kí etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Ìlẹ̀kẹ̀ ńlá kan wà níbi tí okùn ti pàdé. Èèyàn kì í kọjá rẹ̀. Tí ó bá kàn án, ńṣe ni yóò yí okùn padà, tí yóò sì gba ọ̀nà tó bá dé máa lọ. Ó fún Màmá ní ìlẹ̀kẹ̀ tiwọn nínú irú àpò kan náà. Lọ́sẹ̀ yẹn ni Màmá tún bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Láti ìgbà náà, Màmá ń lọ sí iyàrá kan ní Sùúrùlérè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn ará Íńdíà ti jọ ń kọrin orúkọ wọ̀nyí, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, tí wọ́n sì ń pín oúnjẹ fún ẹni tó bá wọlé. Ìrọ̀lẹ́ ni a wí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan náà, orí ìjókòó wọn ní ìjọ ni Màmá máa ń wà. Wọn kò pa ìjọ jẹ rí. Ní 1988 wọ́n ní àwọn kò jẹ ẹran àti ẹja mọ́. Ẹ wo ọ̀ràn, ní Ìwáyà, níbi tí ẹja ti ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ́ sínú ìkòkò! Àwa ọmọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n kàn ń jẹ ẹ̀wà wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ládùúgbò. Wọ́n ní irun èèyàn ló wà nínú àpò Màmá. Wọ́n ní ìdí tí oníbàárà fi pọ̀ nìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, àwọn ẹgbẹ́ àdúrà ìjọ náà ní kí wọ́n mú àpò náà wá kí àwọn jó o. Àwa ẹbí bínú sí wọn títí dòní, a kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n òtítọ́ la ní a fẹ́ kọ, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ tán. Wọn kò rí àpò náà fúnra wọn. Ọmọ ló mú un fún wọn. Ọládipúpọ̀, àkọ́bí Màmá, tó ń kọ ìtàn yìí lórúkọ ẹbí, ló yọ ọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí Màmá ń wẹ̀. Ojú ń tì í láàárín ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ, ó sì fẹ́ kí ẹnu wọn kúrò lára òun.

Ẹ̀yìn ilé ìjọ ni wọ́n ti da kẹrosín-ìn sí i. Màmá dé bá wọn níbẹ̀, omi ìwẹ̀ ṣì wà lára wọn. Aṣáájú ẹgbẹ́ àdúrà ní, “Ẹ yin Olúwa, Màmá, a ti gbà yín sílẹ̀.” Màmá wo iná náà títí ó fi kú. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun. Orúkọ tí mò ń pè kò sí nínú àpò.” Wọ́n bá yí padà, wọ́n ń lọ sílé.

Nígbà tí Ọládipúpọ̀ wọlé, ó retí èébú. Màmá kò bú u. Wọ́n ní, “Dípò, bá mi gbé agolo bọ́tìnnì yẹn wá. Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ìwọ ni wàá fi òwú bọ̀ ọ́.” Ọmọ tó jí ìlẹ̀kẹ̀ ló jókòó ti ìyá rẹ̀, tí ó sì ka bọ́tìnnì funfun mẹ́jọ lé lọ́gọ́rùn-ún sínú okùn. Màmá já bọ́tìnnì dúdú ńlá kan lára kóòtù Bàbá, wọ́n fi í sí ibi tí okùn ti pàdé. Okùn yẹn ni Màmá fi pe orúkọ Ọlọ́run fún ọdún mẹ́fà.

Ní àwọn ọdún yẹn tí wọ́n ní ọkàn wọn ń ṣàárẹ̀, Màmá kọ́ opó mọ́kànlá ní iṣẹ́ aṣọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìwáyà. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ náà. Ṣé aláàárẹ̀ ọkàn ló kọ́ wọn níṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun?

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Màmá lọ ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 1997, ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Orí àga ni a ti bá wọn, okùn bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìgbìmọ̀ ìjọ sọ fún wa pé àwọn kò ní ṣe ìsìn tí a bá kọ nípa ọdún mẹ́wàá náà, àti pé “òrìṣà” yẹn kò gbọdọ̀ wọ pósí. Òrìṣà kẹ̀! Ẹ̀wù tí akọrin ìjọ náà ń wọ̀ títí di ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, bọ́tìnnì kan náà ló wà níwájú rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù lára wọn nínú agolo ni Màmá fi ṣe okùn náà. Ìdí nìyí tí ẹ fi bá wa nínú àgbàlá ilé wa lónìí.

Àbúrò wọn, Àlàájà Saidat, wà láyé, bákan náà ni àwọn ọmọ wọn: Ọládipúpọ̀, Fúnlọ́lá àti Tiwalọlá. Wọ́n ní ọmọ-ọmọ márùn-ún: Ayọ̀miídé, Glory, Làbákẹ́, Ameenah àti Ọláolú.

Kí a tó pa pósí dé, okùn Màmá yóò kọjá lọ́wọ́ yín. Ẹni kọ̀ọ̀kan yóò di bọ́tìnnì kan mú, yóò sì pe Ọlọ́run ní orúkọ tí òun mọ̀ ọ́n sí, ketekete, kí etí ara rẹ̀ gbọ́. Àlàájà Saidat ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ọládipúpọ̀ ni yóò gbà á kẹ́yìn. Ọwọ́ tó mú àpò lọ síbi iná náà ni yóò dá okùn padà sí ọwọ́ ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún rí i gbà.

Àríkẹ́, ọmọ Yẹ̀kínnì, ẹ ti dé ibi bọ́tìnnì ńlá. A kì í kọjá rẹ̀. Ẹ yí okùn padà, ẹ máa pe orúkọ náà lọ sílé. Ẹ sùn re, Màmá. Ẹ dárí jì wá.