Fọ́tò Tí Ẹ Ní Kí N Fi Gba Físà

Bọ̀ọ̀dá Yaqub,

Mo lẹ ìwé yìí mọ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ kí ẹ má baà sọ pé ẹ kò rí i. Mo ti lọ síbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò físà wa. Aago mẹ́wàá ni tèmi, mọ́kànlá ni tiyín.

Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ni mo ṣí fáìlì tí ejẹ́ǹtì yín ní Adéníji Adélé kó fún wa. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé eléré ìje kẹ̀kẹ́ ni wá. Nínú fọ́tò tó fi sí i, ó yọ híjáàbù kúrò lórí mi, ó sì so ojú mi mọ́ ara obìnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé. Ẹ̀yin náà, ẹsẹ̀ òyìnbó ló fún yín. Nígbà tí mo pè é, ẹ̀rín ló ń rín: “Àǹtí, ta ló máa gbà pé ẹlẹ́hàá ń gun kẹ̀kẹ́? Bọ̀ọ̀dá yín ti rí i, wọ́n ní ó dáa.”

Ó dáa kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ tòun ti híjáàbù mi?

Mo ti fa ìwé náà ya. Òótọ́ ni mo kọ dípò rẹ̀: a kò gba ife ẹ̀yẹ rí, ọjọ́ mẹ́sàn-án la fẹ́ fi gun kẹ̀kẹ́ létí odò Dánúbù ní Yúróòpù, kí a sì padà sílé. Ọdún méjì la fi ṣètò ìrìn àjò yìí. Bí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó parí nìyẹn.

Ẹ mú fọ́tò tuntun wá, èyí tí orí àti ẹsẹ̀ ti jẹ́ tiyín. Bí wọ́n bá béèrè yín, n óò ní ẹ ń bọ̀. Ẹ má sọ mí di òpùrọ́.

Qaanitah