Ara Fèrè Lọ́dọ̀ Sagbo, Ẹnu Fèrè Lọ́dọ̀ Zinsu

Ìtàn ìgbésí ayé Bàbá Sagbo Sewanu, 1962 sí 2025

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ìjọ, àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tí ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá bá wa kẹ́dùn, ẹbí Sewanu ti Ikoga kí yín, a sì dúpẹ́. Dosi, àbúrò Bàbá Sagbo, ni ẹbí fi kálàmù lé lọ́wọ́. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ẹ bá a fò ó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò ní rí nínú ìwé yìí, ẹ má bínú. Hohovi ni Bàbá Sagbo, ìyẹn ìbejì. Nílé bàbá wa, a kì í lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ìbejì. Ìbejì tí a kò bá rí mọ́, igi ló lọ ṣẹ́ nínú igbó. Bàbá Sagbo lọ ṣẹ́ igi ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ọjọ́ keje oṣù karùn-ún, ọdún 2025. Tí a bá ń rọra sọ ọ́, ẹ̀rù ló ń bà wá. Ìkejì wọn ṣì wà láyé, wọn kò sì tíì gbọ́.

A bí Bàbá Zinsu àti Bàbá Sagbo ní Ikoga, lágbègbè Badagry, ní ọdún 1962. Michael Sewanu, apẹja àti afunfèrè ìjọ, ni bàbá wọn. Olúbísí, ọmọ Àwórì, ni ìyá wọn. Zinsu ló kọ́kọ́ jáde, Sagbo tẹ̀ lé e. Bàbá ní ẹni tó kọ́kọ́ rí oòrùn ni ẹ̀gbọ́n. Ìyá ní irọ́ ni, Kẹ́hìndé ló rán Táíwò pé kó lọ tọ́ ayé wò, nítorí náà Sagbo ni ẹ̀gbọ́n. Ẹjọ́ yẹn kò parí títí bàbá àti ìyá fi fi ayé sílẹ̀. Kí ìjà má baà sí, ohun gbogbo ni wọ́n ń pín sí méjì fún àwọn ìbejì. Bí ẹja bá ku ẹyọ kan, wọn á là á. Aṣọ, bàtà, àní pàṣán, déédéé ni. Bí Zinsu bá ṣẹ̀, Sagbo náà a nawọ́.

Bàbá Sagbo ka ìwé mẹ́fà ní Ikoga, wọ́n jáde ní 1975. Lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀díétọ̀ ọkọ̀ ní Mowo. Níbẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń fi iná àti òjé dí ojú ihò lára idẹ tó fẹ́lẹ́. Bàbá Zinsu ní tiwọn bá bàbá lọ sódò, wọ́n sì kọ́ fèrè lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan mọ ara idẹ, èkejì mọ bí a ṣe ń fi èémí sí i. Ní 1990, Bàbá Sagbo gbé Títílọpẹ́ níyàwó, ọmọ Èkìtì tó wá sí àdúgbò yìí lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olùkọ́. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní 1994, Bàbá Michael dágbére fún ayé. Wọ́n fi fèrè idẹ ńlá sílẹ̀, èyí tí bàbá tiwọn náà ti fun ṣáájú wọn. Ta ni kó gbà á? Ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n tún jí. Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n ṣe ohun tí a ti ń ṣe láti kékeré wọn: wọ́n pín in. Wọ́n yọ ẹnu fèrè náà, ìwọ̀n nǹkan tó lè sùn nínú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi í fún Zinsu. Wọ́n gbé ara fèrè fún Sagbo. Gbogbo wa ló yìn wọ́n. A ní kò sí ẹni tí yóò lè fun ún láìwá ẹnìkejì rẹ̀. A rò pé okùn la fi so wọ́n pọ̀.

Ó kọ́kọ́ dára. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá Sagbo á gbé ara fèrè há abíyá, Bàbá Zinsu á ti àpò yọ ẹnu rẹ̀, wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, wọ́n á tò ó pọ̀ níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá pẹ́, èkejì á dúró síta, ìbáà ṣe inú òjò. Dosi ti rí wọn bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Kò mọ̀ pé òun yóò máa wá irú ìran yẹn tì lọ́jọ́ iwájú.

Ní 2003, ìjọ fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Fèrè náà ti dúdú, àwọ̀ ewé ti hù sí orígun rẹ̀. Bàbá Sagbo ní àwọn fẹ́ kó dán fún àjọ̀dún, kí inú Zinsu lè dùn. Ohun tí ìyá wa fi ń fọ àwo idẹ ni wọ́n lò: ọsàn wẹ́wẹ́, yanrìn etí odò, kànìnkànìn. Wọ́n gbo ó. Ṣùgbọ́n àwo nípọn, fèrè àgbà kò nípọn. Ní ikùn rẹ̀ ni Bàbá Michael ti fi ìṣó kọ orúkọ wọn, M. SEWANU. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà ni ojú ibi tí àtẹ́lẹwọ́ wọn ti máa ń di fèrè mú wà, ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Orúkọ lọ, ojú ọwọ́ lọ.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún, fèrè ń tàn, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Bàbá Zinsu gbà á, wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Wọ́n ń wá nǹkan. Wọn kò fi ẹnu sí i. Wọ́n ní, “Sagbo, o ti fọ bàbá wa kúrò lára fèrè.” Ojú ti Bàbá Sagbo láàárín èrò, wọ́n sì dáhùn pé, “Ẹnu ẹ̀ ṣáà wà lápò ẹ. Máa lọ fun ẹnu.” Ẹ̀yin ará bánǹdì mọ bí ẹnu fèrè ṣe ń dún tí kò bá ní ara, bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. A kò ní dárúkọ. Ẹ̀rín yẹn ló lé Bàbá Zinsu dé Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ibodè, pẹ̀lú ẹnu fèrè nínú àpò.

Láti ọdún yẹn, Bàbá Sagbo kò fi ọsàn wẹ́wẹ́ kan fèrè ẹnikẹ́ni mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi yanrìn kàn án. Àwọn ìjọ ń gbé fèrè tó bàjẹ́ wá kí wọ́n bá wọn tún un ṣe, láti Kankon, láti Mowo, láti ìlú Badagry fúnra rẹ̀, Bàbá Sagbo kì í sì í gba nǹkan lọ́wọ́ bánǹdì tí kò ní. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ni wọ́n ń lò, aṣọ tó ti gbó, àti òróró díẹ̀ fún ibi tí ìka ń tẹ̀. Bí ẹ bá gbé fèrè dé, ìbéèrè ni wọn á kọ́kọ́ bi yín: ta ló fun ún ṣáájú yín, ibo lonítọ̀hún ń dì mú? Ibẹ̀ ni wọn á wé aṣọ mọ́, wọn kò ní kàn án. Ọ̀pọ̀ ló rò pé èèwọ̀ kan ni. Kì í ṣe èèwọ̀.

Fèrè tilé wa ńkọ́? Bàbá Sagbo lu ibi tó wọnú jáde, wọ́n jó ibi tó ya, gbogbo ibi tí ìka ń tẹ̀ lára rẹ̀ ń lọ ń bọ̀. Kò ku nǹkan kan àfi ẹnu. Dosi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ìṣó, kí wọ́n tún orúkọ náà kọ, ta ló máa mọ̀? Wọ́n ní ọwọ́ tó pa á rẹ́ kọ́ ló kọ ọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n á jókòó síwájú ilé lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á di fèrè mú níbi tí bàbá ń dì mú, kí òógùn ọwọ́ lè sọ idẹ di dúdú padà. Àwọn tó bá yà kí wọn, wọ́n á ní, ẹ bá wa dì í mú díẹ̀. Ìyàwó wọn a máa sọ pé ìyáálé òun ni fèrè yẹn, pé òun nìkan ni ìyàwó tí ìyáálé rẹ̀ kì í jẹun. Bàbá Sagbo á rẹ́rìn-ín, wọn kò ní fi fèrè sílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn tó ń lọ tajà. Èsì kan náà ló ń bọ̀: ṣé orúkọ bàbá ti padà? Bàbá Sagbo kò lè parọ́, wọ́n á tún lọ jókòó di fèrè mú.

Lọ́dún tó kọjá ni Favour, ọmọ Bàbá Zinsu, wá kàwé ní yunifásítì tó wà níhìn-ín. Ó ń wá kí wa. Nínú oṣù kẹrin, ó rí fèrè lórí itan Bàbá Sagbo, ó bi wọ́n pé àwọ̀ dúdú wo nìyí. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Èsì kò tètè dé.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú tí a ti sọ, Bàbá Sagbo jókòó síbi tí wọ́n ń jókòó sí, ọwọ́ wọn wà níbi tí wọ́n ń fi sí. A pè wọ́n sóúnjẹ, wọn kò dáhùn. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ohùn Bàbá Zinsu wọlé sórí fóònù Favour: “Mo rí ọwọ́ bàbá wa. Sọ fún Sagbo pé kó má kàn án mọ́. Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ojú ni mo fẹ́ rí. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlélógún, màá mú ẹnu rẹ̀ bọ̀.”

A kò lè sọ fún wọn látòkèèrè. A kì í sọ irú rẹ̀ fún ìbejì láìjẹ́ pé ọwọ́ ẹbí wà lára rẹ̀, kí òun náà má baà tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Favour kàn ní kí wọ́n máa bọ̀ ni. Ìdí nìyí tí ìsìnkú fi bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì yìí. Ìdí nìyí tí a kò fi lẹ pósítà kankan sí oríta Mowo, tí àwọn kan fi ń bínú sí wa pé a ò ṣe ẹ̀yẹ.

Ẹ̀bẹ̀ la bẹ̀ yín. Dosi àti Favour yóò dúró de Bàbá Zinsu ní Mowo. Bí ẹ bá ṣalábàápàdé wọn lójú ọ̀nà, ojú kan náà ni pẹ̀lú ojú Bàbá Sagbo, ẹ ó mọ̀ wọ́n. Ẹ kàn kí wọn pé ẹ kú ìrìn. Ẹ má kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ má sọ pé Sagbo lọ ṣẹ́ igi, ọmọ ilé wa ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí à ń sọ. Ẹ má sì fi ìwé yìí lé wọn lọ́wọ́, ẹ fi í sápò. Dosi ni yóò di ọwọ́ wọn mú, tí yóò sọ ọ́. Kò tíì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́.

Bàbá Sagbo fi aya wọn Títílọpẹ́ sílẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, Bólúwatifẹ́, Láńrewájú àti Ìfẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ. Dosi àbúrò wọn. Favour ọmọ wọn. Àti Bàbá Zinsu, ìkejì wọn.

Fèrè yóò wà lórí àga níwájú ilé, láìbò ó. Bí Bàbá Zinsu bá fẹ́ fi ẹnu sí i, a ó dúpẹ́. Bí wọn kò bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rọ̀ wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín.

Sagbo, ọmọ Sewanu, máa ṣẹ́ igi rẹ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá wúwo, rù ú díẹ̀díẹ̀. Má pe Zinsu kó wá bá ọ gbé e rù. Fi í sílẹ̀ fún wa ná. Sùn ire o.