Ọ̀rọ̀ Tó Kọ́kọ́ Padà Sẹ́nu Ẹ̀gbọ́n Rẹ

Ojúlé Kẹsàn-án,
Ẹ̀yìn Ọjà Nyanya,
Abuja.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Agẹmọ, 2025.

Táyọ̀, àna mi tí mo sọ di àbúrò,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Kúnbi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ó ti gbà kó máa gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, àfi ẹ̀yìn tó ń ké bí ìlẹ̀kùn ilé-ìwé ìjọba.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti mú un nígbà òjò àkọ́rọ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo mọ ìdí tí o kò fi pè mọ́: ẹni tó lẹ́nu jù nílé yín ló wá dákẹ́ sínú fóònù.

Lọ́jọ́ Àìkú, Kíkẹ́olúwa, ọmọ-ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Wuse, jókòó tì í, ó ń fi fóònù kọ́ èdè Sípéènì. Yorùbá ni kò jẹ́ sọ! Ọ̀rọ̀ ìgboro kan ló ń pè, chismear, ìyẹn kéèyàn máa ṣòfófó. Mo ní kó fi àtẹ́wọ́ gé e sí sílébù, bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe máa ń ṣe fáwọn ọmọ aláàbídí nígbà tí àwa méjèèjì jọ ń ṣe tíṣà: chis-me-ar, kó pa ti ìkẹyìn kíkankíkan, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ohùn.

Àfi bí Alàgbà Ọláoyè, aládùúgbò wa, ṣe wọlé wá kí aláìsàn. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Madrid lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kò sì tíì bá a padà dé.

"Rárá o, ọmọ mi. Méjì ni. Chis-mear. Èmi tí mo débẹ̀ ni mo ń sọ fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, fóònù ní mẹ́ta ni."

"Fóònù ti dé Madrid rí?"

Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni mo ti gbọ́ kọ́, kọ́, kọ̀! lára àga. Ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Ètè rẹ̀ gbọ̀n, ó tún lu àga, ó ní:

"Mẹ́... ta."

Táyọ̀, orí mi wú. Gbogbo ayé mi ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rọ̀, síbẹ̀ n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn sá sí, n kò sì mọ bó ṣe gba Sípéènì wá sílé. Ọláoyè pàápàá ṣí fìlà. "Mẹ́ta ni, Mama," ló ní, omi ń dà lójú rẹ̀.

Bá mi kí Kúnbi àtàwọn ọmọ. Pe ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́jọ́ Àìkú. Bó bá dákẹ́, má pa fóònù o. Sílébù tó kàn ló ń wá.

Tìrẹ ni mí, èmi ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọláníyan.