Àgọ́ Tí O Ní Kí N Bá Yín Yàn

Ọládọ̀tun ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Adéjọkẹ́ ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé òtútù ìlú òyìnbó kò dà yín láàmú? Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lọ sóko. Lábísí ẹ̀gbọ́n rẹ ti bímọ ní Ìdógò, obìnrin ni.

Mo gbọ́ pé ẹ ó wa mọ́tò wá láti Èkó, pé inú àgọ́ aláṣọ lẹ ó máa sùn lágbàlá, nítorí ìyàwó wa ń bẹ̀rù ilé tí a sin bàbá rẹ sí. O ní ṣé ti ẹni mẹ́rin ni àbí ti ẹni márùn-ún.

Mi ò bá a wí. Wọn kì í sin òkú sínú ilé níbi tó dàgbà sí. Oṣù Agẹmọ lẹ ń bọ̀, kí ẹ ra èyí tí aṣọ rẹ̀ nípọn, tí wọ́n rán aṣọ ìtẹ́lẹ̀ mọ́ ọn, torí òjò àti ìjàlọ.

Ṣùgbọ́n ti ẹni mẹ́rin ni kí o rà. Má ka ara rẹ mọ́ wọn. Orúkọ rẹ ni bàbá rẹ ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, o ò lè dé. Èmi nìkan ni mo ń sùn tì í ní yàrá tí a sin ín sí. Lábísí ní, "Màmá, ẹ̀rù ò bà yín?" Mo ní, "Nígbà tó wà láàyè ńkọ́, ṣé ó bà mí?"

Bá mi mú oògùn orúnkún bọ̀. Olúwa yóò mú yín gúnlẹ̀ sáyọ̀. Mi ò ní bẹ̀ ọ́ o, Dọ̀tun, ṣùgbọ́n mi ò ní ti ilẹ̀kùn yàrá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùn.