Ẹ Ṣílẹ̀kùn fún Eré "Ìdajì Ìṣáná"

Ilé Oyèdélé,
Àrẹ̀mọ,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1962.

Akọ̀wé,
Ìgbìmọ̀ Gbọ̀ngàn Ìrẹ̀pọ̀,
Bẹẹrẹ,
Ìbàdàn.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌDÍ TÍ KÒ FI YẸ KÍ Ẹ DÁ ERÉ "ÌDAJÌ ÌṢÁNÁ" DÚRÓ

1. Ẹ kọ̀wé sí Omidan Rachel Adébáyọ̀, olùkọ́ tó kọ eré yìí, pé kò gbọdọ̀ ṣe é mọ́ ní gbọ̀ngàn yín, nítorí ó tàbùkù àwọn àgbà ìlú, pàápàá èmi. N kò rán yín níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ ní ẹ ń gbèjà ni ó ń kọ̀wé yìí, kò sì fẹ́ ìgbèjà.

2. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Bàbá ọkọ inú eré fi agbè ẹmu tí kò kún àti ìdajì páálí ìṣáná ránṣẹ́ sí àwọn òbí ìyàwó, láti sọ fún wọn pé a kò bá ọmọ wọn nílé. Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan dìde láàárín èrò, ó ní: "Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ o. Tèmi tí wọ́n gbé dé ilé bàbá mi, ìṣáná mẹ́ta ló kù nínú rẹ̀." Ẹ̀rín dá. Ìgbà náà ni àwọn kan nínú yín dìde, tí ẹ jáde.

3. Mojọlá ni ìyàwó tí eré náà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi ni ó fẹ́ ẹ ní 1929. Èmi ni olórí ẹbí, èmi kan náà ni ọ̀gá ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo máa ń bú àṣà yìí níwájú ìjọ. Nígbà tí ó kan ilé mi, ọwọ́ mi yìí ni mo fi yọ ìṣáná kúrò nínú páálí. Mojọlá fi ìlú sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò jókòó láàárín ẹgbẹ́ mọ́ títí ó fi kú. Rachel ni ọmọ tí Mojọlá bí fún ọkọ mìíràn lẹ́yìn náà.

4. Ẹ ní eré náà bà wá lórúkọ jẹ́. Ó tilẹ̀ ṣàánú wa jù ni. Nínú eré, bàbá ọkọ, tí ó dúró fún mi, kò mọ òtítọ́. Aṣọ funfun tí kò lẹ́jẹ̀ ni ó tàn án jẹ. Èmi mọ̀. Kí n tó rán agbè ẹmu náà, àbúrò mi ti jẹ́wọ́ fún mi pé ẹ̀rù àwọn tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn ba òun, òun kò fọwọ́ kan ìyàwó òun rárá. Mo ní kí ó pa ẹnu mọ́, kí wọn má baà sọ pé kì í ṣe ọkùnrin. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fi bo àṣírí ilé mi.

5. Mo ti sọ èyí fún Rachel. Ó ní, "Bàbá, ṣé kí n fi kún un?" Mo ní kí ó fi kún un. Mojọlá wà láàyè. Ó ti ní òun yóò wá wò ó ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Láti ọjọ́ tí ó ti lọ, kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ìbàdàn.

6. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ yí àṣẹ náà padà. Bí ẹ bá kọ̀, ojúde ilé mi gbà wọ́n, èmi fúnra mi ni n ó sì wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dí wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ojú bá ń tì nínú yín, kí ó jókòó sílé. Èmi yóò jókòó níwájú, níbi tí Mojọlá yóò ti máa rí ojú mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, láìsí ìbẹ̀rù,

Josiah Oyèdélé
Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, olórí ẹbí Oyèdélé.