Eyín Òkun Tí Ó Dà Pọ̀ Mọ́ Èésan

Aníwúrà, òjò ọdún kẹta ti rọ̀ sórí sàréè rẹ. Ọdún mẹ́ta! Ilé tí o fi sílẹ̀ láìtíì ní òrùlé ti parí. A kàn án, a rẹ́ ẹ, a kùn ún. Òkìkíolúwa, ọmọbìnrin rẹ, ti wọ yunifásítì ní Òkìtìpupa. Philemon, ọkọ rẹ, ṣì ń fún epo níhìn-ín ní Erinje. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an la fẹ́ rò fún ọ lónìí.

Ṣé o rántí etíkun Ìlàjẹ tí ìjọ wa máa ń lọ gbàdúrà? Gbogbo ènìyàn a dijú, ìwọ a lajú. Eyín ẹja àti ẹranko ayé àtijọ́, tí ó ti di òkúta, tí ìgbì ń tú jáde, ni o máa ń ṣà sí etí aṣọ funfun rẹ. Philemon a sì máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Òkìkí, èésan ekùrọ́ lo tún rù wá láti òkun! Ṣé èyí tí mo ń pa lójoojúmọ́ kò tó ọ ni?"

"Bàbá Òkìkí, ṣé èésan a máa ní etí bí ayùn?"

"Èyí tí eku bá jẹ a máa ní in."

O rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni ọ́. O kò jẹ́ kí ó lọ bẹ́ẹ̀. "Wò ó. Inú èésan a jẹ́ kòtò, nítorí pé ó gba ekùrọ́ mọ́ra. Eyín ẹja ekurá yìí tẹ́, ó ń dán, ìdí rẹ̀ nìkan ló rí bí egungun. Gbé e wò! Ó wúwo, ó tutù." Philemon ti yí ẹ̀yìn padà.

Nígbà tí o lọ, ó gbé abọ́ àwọn eyín náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Kò gbà pé eyín ni wọ́n. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Rose, àbúrò rẹ, wá bá wa tún àgbàlá ṣe de ìrántí yìí. Ilẹ̀ ń yọ̀. Ó da èésan sójú ọ̀nà, bí a ti ń ṣe nígbà òjò, kí àlejò má baà ṣubú. Èésan kò tó.

"Rose, abọ́ ìyàwó mi dà?"

"Abọ́ èésan yẹn, Bọ̀ọ̀dá? Mo ti dà á mọ́ ti ojú ọ̀nà."

"Èésan?" ni Philemon kígbe. "Eyín ekurá lo pè ní èésan?"

Háà, Aníwúrà, ì bá ṣe pé o wà níbẹ̀!

Philemon jókòó sínú ẹrẹ̀, kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ kankan tẹ ibẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá dá wọn mọ̀, a jẹ́ pé ó pàdánù rẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń ṣà, ó ń sọ nù, títí tí ọ̀kan fi gún un lọ́wọ́. Ó gbé e sókè. "Òun nìyí!" Rose fẹ́ bá a ṣà.

"Má wo àwọ̀, Rose, gbogbo wọn ló dúdú. Inú rẹ̀ ni kí o wò. Bó bá jẹ́ kòtò, jù ú nù."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó pọ̀ jù ti padà sínú abọ́. Ọ̀kan wà láàárín wọn tó fẹ̀, tí ojú rẹ̀ là lẹ́sẹẹsẹ bí ebè ẹ̀gẹ́.

"Ti màlúù nìyí," ni Philemon wí.

"Bàbá, erinmi ni," ni Òkìkíolúwa wí, tó ti yunifásítì dé fún ìrántí.

"Erinmi wo? Eyín ajẹko nìyí."

"Erinmi náà ń jẹ koríko, Bàbá. Màmá ló sọ fún mi."

"Kí ló dé tí kò sọ fún èmi?"

"Ẹ kò bi í."

Philemon fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ ojú eyín náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

Aníwúrà, ó ti ń bi ọ́ báyìí. Lójoojúmọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lóhùn bíi tìrẹ, kò sì sí ẹni tí a fẹ́ kí ó dá a lóhùn jù ọ́ lọ. Àárò rẹ ń sọ wá, olólùfẹ́ wa! Àárò rẹ ń sọ wá, ìfẹ́ rẹ kò sì dín lọ́kàn wa.