Ìdérí Pupa Ẹnu Fáàfù

                                        Yàrá ẹ̀yìn,
                                        Ilé Púlọ́ńbà,
                                        Ọjọ́ Àìkú, òjò ń rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé ara yín le? Ọkọ yín ńkọ́? Ọmọ wa tó ń hu eyín, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Ikọ́ yín yẹn ńkọ́? Tiwa, ẹ̀mí ṣáà wà. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní Afajúro ti tún dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán lọ́tẹ̀ yìí.

Ọwọ́ Bàbá tí mo ní ó ń kú, ó ti burú sí i. Ìka wọn ò mọ iná, kò mọ omi. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n síṣẹ́ mọ́, wọ́n á kàn jókòó ti àpò irinṣẹ́ wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Nígbà tí fáàfù hítà omi ìwẹ̀ wa wá bàjẹ́, inú wọn dùn bí ẹni tó jẹ oyè. Ẹ mọ fáàfù yẹn, òun ló máa ń tu omi dànù tí hítà bá gbóná jù, kó má baà bú gbàmù. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa fi tuntun sí i.

Èmi tan tọ́ọ̀ṣì, Màámi di páìpù mú. Fáàfù tuntun máa ń ní ìdérí rọ́bà pupa kékeré lẹ́nu, kí ìdọ̀tí má wọ̀ ọ́. Dandan ni kéèyàn yọ ọ́ kó tó fi páìpù tó ń gbé omi jáde síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi gbígbóná ò ní rọ́nà jáde. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ẹnu ọ̀hún kọjú sí, àtàǹpàkò ni Bàbá fi máa ń wá a. Àtàǹpàkò kọjá lórí ẹ̀, kò mọ nǹkan kan. Wọ́n de páìpù mọ́ ọn. Láti ìsàlẹ̀ tí mo lóṣòó sí, mo rí pupa yẹn. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu, Màámi tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀.

"Ọwọ́ yín ò gbàgbé iṣẹ́ o," ni Màámi wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Àbí o rò pé mo ti di igi ni?"

Nílé ìdáná, Màámi ní tí a bá sọ ọ́, a ti sin wọ́n láàyè nìyẹn, kí n ṣáà pa súìṣì hítà. Látọjọ́ náà, orí sítóòfù ni Màámi ti ń se omi, wọ́n á gbé e sí balùwẹ̀, wọ́n á ní, "Omi hítà yín ti wà níbẹ̀ o." Bàbá á sì máa kọrin níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, mo kórìíra orin yẹn.

Wọ́n ní bí irọ́ lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tiwa ò tiẹ̀ pé oṣù. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní òdìkejì títì gbọ́ pé Bàbá ti ń ṣiṣẹ́, ó ní kí wọ́n wá ṣe ti òun. Lánàá ni wọ́n gbé àpò kọ́ èjìká.

"Ẹ jẹ́ kí òjò dá ná," Màámi bẹ̀ wọ́n.

"Ṣé inú balùwẹ̀ ló ń rọ̀ sí ni?"

Irọ́ wa ló fẹ́ gbé wọn lọ sílé ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnu mi ò gbà á sọ. Mo kàn ní, "Bàbá, ẹ wá fọwọ́ kan hítà wa." Wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ ò sọ nǹkan kan fún wọn. Wọ́n wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e. Ó tutù rinrin.

"Ta ló ń se omi?"

Bàbá na sípánà sí mi, èmi ni mo tú páìpù náà. Ìdérí pupa bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n mú un, ó bọ́. Wọ́n tún gbìyànjú, ó tún bọ́. Àwa ń wò wọ́n. Wọ́n wá fẹsẹ̀ gbá a sábẹ́ hítà.

"Ẹ̀yin méjèèjì mọ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ sì ń gbọ́ orin mi."

Ẹlòmíì ló lọ ṣe ti nọ́ọ̀sì. Hítà wa ń ṣiṣẹ́ báyìí, omi ẹ̀ lè bó èèyàn lára. Omi tútù ni Bàbá fi wẹ̀ láàárọ̀ yìí, wọn ò kọrin.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín, ẹ bá mi gbé ọmọ wa jó. Ẹ wá sílé, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá dé, tí Bàbá bá ṣe nǹkan kan fún yín, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má yìn wọ́n.

Èmi ni, àbúrò yín tí ò lè sùn,
Afajúro